Oko Kòkó Tí Wọ́n Ti Wọn Ìmọ́lẹ̀ Ìràwọ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, àwọn ọkùnrin méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú oko kòkó kan ní erékùṣù Príncipe, wọ́n ń retí ìgbà tí òṣùpá yóò bo oòrùn lójú. Erékùṣù yìí kò jìnnà sí wa. Bí ẹyẹ bá gbéra ní Àkúrẹ́ tó sì fò tààrà lọ sí apá gúúsù lórí òkun, kò ní tó kìlómítà 700 tí yóò fi débẹ̀. Maiduguri tó wà nínú orílẹ̀-èdè wa gan-an jìnnà sí Àkúrẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú ìwé ìtàn àti ìwé físíìsì tí mo ti lò láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé girama, n kò rí ibi tí wọ́n ti sọ fún wa pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ìtòsí wa níhìn-ín tí àwọn onímọ̀ nípa ojú ọ̀run ṣì ń lò títí dòní láti fi wo àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà jù lọ.

Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ti ń kàwé. Kòkó ni bàbá bàbá mi fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé. Nítorí náà, nígbà tí mo kà á pé inú oko kòkó ni wọ́n gbé awò awọ̀nàjíjìn sí lọ́jọ́ náà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe oòrùn tàbí òṣùpá. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ni oko náà, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé oko náà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ jẹ́. Oòrùn wa jẹ́ ìràwọ̀ kan. Ó wà láàárín ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 100 tí agbára òòfà so pọ̀ mọ́ ara wọn, ìyẹn ìṣùpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Milky Way. Ní alẹ́ tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run mọ́, tí òṣùpá kò yọ, tí wọ́n sì mú iná mànàmáná lọ ní gbogbo àdúgbò, ènìyàn lè rí i bí ẹni da eérú funfun sójú ọ̀run láti ìkángun kan dé ìkejì. (Ó jọ pé àǹfààní kan ṣoṣo tí àìsí iná ń ṣe fún wa nìyẹn.) Lẹ́yìn ìṣùpọ̀ tiwa yìí, àwọn mìíràn wà tí wọn kò níye. Èyí tó tóbi tó sì sún mọ́ wa jù ni wọ́n ń pè ní Andromeda. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré láti ọ̀dọ̀ oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Andromeda, mílíọ̀nù ọdún 2.5 ni ó ń lò. Ohun tí à ń rí níbẹ̀ lálẹ́ òní ti gbéra kí ènìyàn tó dà bí a ṣe dà yìí.

Kò sí ẹni tó lè lọ síbẹ̀ kó sì bọ̀. Kò sí ẹni tó lè bu erùpẹ̀ ibẹ̀ wá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń tẹ àwọn onímọ̀ lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ náà sì ti pẹ́ lọ́nà. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ọdún kó tó yí padà, ènìyàn kì í sì í lò ju ọgọ́rin tàbí àádọ́rùn-ún ọdún lọ láyé. Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń dàgbà?

Ẹ jẹ́ kí a wọ oko kòkó kan lẹ́yìn ìlú Oǹdó ní oṣù Kẹsàn-án. Lára igi kan ṣoṣo, ẹ ó rí òdòdó kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ara igi, ẹ ó rí ọmọ èso tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ ó rí èyí tó ti tóbi ṣùgbọ́n tó ṣì tutù, ẹ ó sì rí èyí tó ti pọ́n tó ń retí àdá. Bí ẹ bá mú àlejò tí kò rí kòkó rí wọ ibẹ̀, tí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, bó bá ní làákàyè, yóò to wọn tẹ̀ léra wọn, yóò sì sọ bí kòkó ṣe ń dàgbà. Kò ní dúró de oṣù márùn-ún. Ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìṣùpọ̀ tó sún mọ́ wa ni èyí tó ti gbó, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pẹ́ lọ́nà. Èyí tó jìnnà gan-an ni ọmọ èso, nítorí bó ṣe rí nígbà èwe rẹ̀ ni à ń rí báyìí. Bí a bá ti ń wo ọ̀nà jíjìn sí i ni a ń wo ayé àtijọ́ sí i.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣú. Àwọn ọmọ èso tí a fẹ́ rí jù lọ ni ojú kò fẹ́ẹ́ ká. Ibi tí oko kòkó Príncipe ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ní ọdún 1919 tí mo ń sọ yìí, kò tíì sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí tó dájú sọ pé ìṣùpọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn tiwa. Wọ́n ń rí Andromeda, wọ́n sì ń rí àwọn mìíràn tó dà bí èéfín tó lọ́ póló, ṣùgbọ́n àwọn kan ní inú Milky Way ni gbogbo wọn wà. Ní oṣù Kẹrin 1920, Harlow Shapley àti Heber Curtis dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Washington láti sọ èrò tó yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó padà yanjú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1912. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Henrietta Leavitt, tó ń ṣiṣẹ́ ní Harvard, ti ṣàkíyèsí pé àwọn ìràwọ̀ kan wà tó ń mọ́lẹ̀ tó sì ń ṣú léraléra, àti pé bí èyíkéyìí bá ṣe ń pẹ́ tó kó tó tún mọ́lẹ̀ ni yóò fi hàn bí agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe lágbára tó, tó sì rí bó ṣe ń tàn lójú òun, lè ṣírò bó ṣe jìnnà tó. Edwin Hubble rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Andromeda ní 1923, ó ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé Andromeda ti jìnnà kọjá òde Milky Way pátápátá. Ní 1929, ó fi hàn pé bí àwọn ìṣùpọ̀ bá ṣe jìnnà tó ni wọ́n ṣe ń yára sá kúrò lọ́dọ̀ wa tó. Bí wọ́n ṣe ń sá lọ, ìmọ́lẹ̀ wọn ń nà, ó sì ń pọ́n. Láti inú pípọ́n yẹn ni wọ́n ti ń mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí 1919. Albert Einstein, tó ń gbé ní Berlin, ti sọ ní 1915 pé agbára òòfà kì í ṣe okùn tó ń fa nǹkan. Ohun tó bá wúwo ń tẹ àyè tó yí i ká, gbogbo ohun tó bá sì ń kọjá níbẹ̀ yóò tẹ̀ lé bí àyè náà ṣe tẹ̀, títí kan ìmọ́lẹ̀. Ó ṣírò iye tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá yóò fi yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, ohun tí Einstein sọ jẹ́ 1.75 nínú rẹ̀. Èyí tí a lè ṣírò láti inú ẹ̀kọ́ Newton tó ti wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀, 0.87. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe kéré tó, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin Déjì, kí ẹnì kan gbé owó kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ní ibi tó lé ní kìlómítà méjì sí yín. Fífẹ̀ tí kọ́bọ̀ náà yóò fẹ̀ lójú yín ni iye tí wọ́n fẹ́ wọ̀n.

Kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, àfi ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn pátápátá tí ọ̀sán sì dòru. Wọn yóò ya fọ́tò àwọn ìràwọ̀ náà nígbà yẹn, wọn yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn ìràwọ̀ kan náà tí wọ́n yà lóru nígbà tí oòrùn kò sí láàárín wọn, wọn yóò sì wò ó bóyá wọ́n ti sún kúrò ní àyè wọn. Frank Dyson, olórí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i pé ti 1919 dára gan-an, nítorí àárín ọ̀wọ́ àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Hyades ni oòrùn yóò wà. Òjìji òṣùpá yóò gbéra láti Gúúsù Amẹ́ríkà, yóò la Brazil kọjá, yóò sì gba orí òkun wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n pín ara wọn sí méjì. Andrew Crommelin àti Charles Davidson lọ sí ìlú Sobral ní Brazil. Arthur Eddington láti Cambridge, pẹ̀lú Edwin Cottingham tó jẹ́ alágogo, wá sí Príncipe.

Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọmọ Jámánì ti pa ara wọn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń náwó nára láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹni tó ń kọ̀wé láti Berlin sọ. Eddington fúnra rẹ̀ kò jagun. Ọmọ ìjọ Quaker ni, ìjọ Kristẹni tí kì í gbé ìbọn, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Dyson ló bá a sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbà kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó sì gbára dì fún ìrìn-àjò náà. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi ní Liverpool ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, wọ́n dúró ní Madeira fún bí oṣù kan nítorí àìsí ọkọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Príncipe ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin.

Oko tí wọ́n lò ń jẹ́ Sundy. Roça ni àwọn Potogí ń pe irú oko ńlá bẹ́ẹ̀, Jerónimo Carneiro ló sì ni ín. Ibi yìí ni mo ti fẹ́ fara balẹ̀. Láti Brazil ni àwọn Potogí ti gbé kòkó wá sí Príncipe ní 1822, ibẹ̀ sì wà lára ibi àkọ́kọ́ tí kòkó ti fìdí múlẹ̀ ní apá ibí yìí. Láti ibẹ̀ ó tàn dé São Tomé àti Fernando Po, àti láti Fernando Po, gẹ́gẹ́ bí ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ wa ṣe kọ́ wa, Olóyè Squiss Banego gbé e wá sí ilẹ̀ tó di Nàìjíríà ní 1874. Ìyẹn ni pé kòkó Oǹdó àti kòkó Sundy jẹ́ ẹbí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ oko náà kò jọra. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin kòkó ló ni kòkó, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ ló ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sá a. Ní São Tomé àti Príncipe, láti Àǹgólà ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wá, àwọn mìíràn sì wá láti Cape Verde àti Mòsáńbíìkì. Àwọn Potogí ti kéde pé òwò ẹrú ti parí. Àdéhùn ọdún márùn-ún ni wọ́n pe èyí. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ti Àǹgólà wá kì í sábà padà sílé. Oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Nevinson, lọ wò ó, ó sì kọ ìwé jáde ní 1906 pé ẹrú ni wọ́n. Ní 1909, ilé-iṣẹ́ Cadbury àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ṣokoléètì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn kò ní ra kòkó ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì kọjú sí kòkó Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Ọmọ ìjọ Quaker bíi ti Eddington ni ìdílé Cadbury. Lẹ́yìn ìyẹn, àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń fà tún ń pa àwọn òṣìṣẹ́ Príncipe. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n fi lé eṣinṣin náà kúrò títí di 1914 ni pé wọ́n ń da aṣọ dúdú tí wọ́n fi oje tó ń lẹ̀ pa bo àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, kí eṣinṣin lè máa lẹ̀ mọ́ wọn bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ènìyàn ni wọ́n fi ṣe pańpẹ́.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni Eddington gúnlẹ̀. Dyson, Eddington àti Davidson kọ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1920. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kékeré ni ó gbé ọ̀pọ̀ ẹrù wọn láti etíkun dé Sundy, àfi ibì kan tó tó kìlómítà kan nínú igbó, tí ó jẹ́ pé àwọn aláàárù ọmọ ilẹ̀ náà ló rù ú. Gbogbo ohun tí ìròyìn náà sọ nípa wọn kò ju ìyẹn lọ. A rí orúkọ Carneiro tó ni oko. A rí orúkọ ọkọ̀ ojú omi. A kò rí orúkọ ẹni kan ṣoṣo nínú àwọn tó gbé dígí àti irin yẹn lórí gba inú igbó kọjá láìfọ́.

N kò sọ pé àwọn ni wọ́n ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ru kòkó láti oko wá sílé nígbà òjò mọ ohun tí kìlómítà kan nínú igbó jẹ́. Bí awò yẹn bá fọ́, kò sí òmíràn. Bí àwọn oníròyìn bá ń ka àwọn tó mú iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, tí wọ́n sì ka alágogo tó ṣètò irin mọ́ wọn, ó yẹ kí wọ́n ka àwọn aláàárù náà mọ́ wọn.

Òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàárín ìkùukùu, nígbà tó sì kọjá agogo méjì díẹ̀, òkùnkùn ṣú. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti àáyá méjì ni gbogbo rẹ̀. Eddington kò tilẹ̀ rí àyè wo ohun tó tìtorí rẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yẹn dáadáa, nítorí pípààrọ̀ dígí fọ́tò ló gbà á lọ́kàn. Wọ́n ya fọ́tò 16. Ìkùukùu ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Ìràwọ̀ márùn-ún péré ló hàn lórí méjì tó dára. Lórí dígí náà, ìsúnkúrò tí wọ́n ń wá kò tó fífẹ̀ irun orí.

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, ti Príncipe jẹ́ 1.61. Ti Sobral tó dára jù jẹ́ 1.98. Awò kejì ní Sobral fún wọn ní 0.93, ìyẹn tó sún mọ́ ti Newton, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò mọ́, wọ́n sì pa á tì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, wọ́n kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé ti Einstein ló tọ̀nà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, orúkọ Einstein ti kan gbogbo ayé. Àwọn kan ti bínú láti ìgbà náà pé Eddington ti fẹ́ràn Einstein tẹ́lẹ̀, pé ohun tó fẹ́ rí ló rí. Ìbéèrè tó dára ni. Ní 1979, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé wọn àwọn dígí Sobral lẹ́ẹ̀kan sí i, àti dígí tí wọ́n ti pa tì yẹn náà padà sún mọ́ ti Einstein.

Àwa ará Àkúrẹ́ mọ bí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2020, ìbúgbàù kan gbẹ́ kòtò ńlá sójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ó sì ba ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé jẹ́. Ìjọba àti ọlọ́pàá ní ohun abúgbàù tí ọkọ̀ ń gbé kọjá ni. Onímọ̀ kan láti yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ní òkúta láti ojú ọ̀run ló já. Ọmọdé ni mí nígbà náà, gbogbo ilé ló sì ní ẹ̀yìn ẹni tó wà. Bí mo ṣe ń ka ìtàn Príncipe ni mo rí ìbéèrè tó yẹ kí a bi: bó bá jẹ́ òkúta ọ̀run ni, kí ló yẹ kó wà nílẹ̀? Bó bá jẹ́ ohun abúgbàù ni ńkọ́? Einstein sọ iye tirẹ̀ kí wọ́n tó lọ wọ̀n ọ́n. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé dán wò nìyẹn.

Kí wá ni ó kan ìṣùpọ̀ ìràwọ̀? Bí oòrùn kan ṣoṣo bá lè tẹ ìmọ́lẹ̀, mélòó mélòó ni agbo àwọn ìṣùpọ̀ tí oòrùn inú rẹ̀ kò níye. Ẹ̀kán omi tó bá já sórí ìwé ìròyìn máa ń mú kí lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ tóbi. Bákan náà, bí agbo ìṣùpọ̀ kan bá wà láàárín àwa àti ìṣùpọ̀ mìíràn tó jìnnà jù ú, agbo náà yóò tẹ ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn, yóò kó o jọ, yóò sì mú kó tóbi kó sì mọ́lẹ̀ sí i. Fritz Zwicky sọ ní 1937 pé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tó ọdún 42 kí ẹnikẹ́ni tó rí i: ní 1979, Dennis Walsh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan tó jọ ìbejì lójú ọ̀run, ó sì hàn pé ohun kan ṣoṣo ni, ìṣùpọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí méjì. Láti ìgbà náà ni ohun tí wọ́n wọ̀n ní Sundy ti di irinṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe tẹ̀ tó tún ń sọ bí agbo tó tẹ̀ ẹ́ ṣe wúwo tó, ó sì ti fi hàn pé àwọn agbo náà wúwo púpọ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ tí à ń rí nínú wọn lọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò tan ìmọ́lẹ̀ rárá.

Wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn James Webb ránṣẹ́ sókè láti French Guiana ní ọjọ́ Kérésìmesì 2021. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ han gbogbo ayé ní oṣù Keje 2022, agbo kan tí wọ́n ń pè ní SMACS 0723 ni wọ́n yàn. Ìmọ́lẹ̀ agbo náà ti rìn fún bílíọ̀nù ọdún 4.6, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá rí àwòrán náà yóò rí àwọn ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ káàkiri ojú rẹ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí agbo iwájú ti na ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti gbéra láti ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún 13, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo àgbáyé kò ju bílíọ̀nù ọdún 13.8 lọ.

Láti ara irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń to àwọn èso náà tẹ̀ léra. Àwọn ìṣùpọ̀ àkọ́kọ́ kéré, wọn kò ní ìrísí kan pàtó. Wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń gbé ara wọn mì, wọ́n sì ń tóbi. Nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 10 sẹ́yìn ni ìbí ìràwọ̀ pọ̀ jù lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń dín kù. Milky Way tiwa náà ṣì ń fa ìṣùpọ̀ kékeré kan ya lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, tí wọ́n ń pè ní Sagittarius. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé Webb rí àwọn ìṣùpọ̀ kan tó ti mọ́lẹ̀ gan-an kí àgbáyé tó pé mílíọ̀nù ọdún 400. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn rí èso tó ti pọ́n lára igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná. Wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni gbogbo èyí. Samuel Okoye, ọmọ Amawbia ní ìpínlẹ̀ Anambra, kàwé físíìsì ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1965. Òun ni wọ́n kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba oyè yẹn nínú fífi ìgbì rédíò wo ojú ọ̀run. Ní ọdún kan náà, òun àti Antony Hewish kéde ohun kékeré kan tó ń rán ìgbì rédíò jáde láàárín àwókù ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Crab; nígbà tó di 1968, àwọn mìíràn wá mọ̀ pé pulsar ni, òkú ìràwọ̀ tó ń yí bí òkòtó. Okoye padà sílé, ó dá ibùdó ìwádìí òfúrufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka ní 1972, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣèwádìí lórí àwọn ìṣùpọ̀ tó ń rán ìgbì rédíò jáde láti ọ̀nà jíjìn. Ní Àkúrẹ́ níbí, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wa, FUTA, ní ibùdó ìwádìí òfúrufú tirẹ̀. Sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n bá àwọn ará Japan ṣe, Nigeria EduSat-1, gòkè láti Florida ní oṣù Kẹfà 2017. Kì í ṣe ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni ó wò nígbà tó wà lókè, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tó ń wọ mọ́tò kan náà pẹ̀lú wa ní Ọ̀jà Ọba wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Oko Sundy ṣì wà. Ilé ńlá olóko ti di òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n gbé òkúta ìrántí kan síbẹ̀ ní 2009, wọ́n sì ṣe àjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2019. Àwọn dígí tí wọ́n fi ya fọ́tò ní Príncipe ti sọnù. Ti Sobral nìkan ló kù. Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣiṣẹ́ kòkó ṣì ń gbé ní erékùṣù náà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 2034, òṣùpá yóò tún bo oòrùn pátápátá, ojú ọ̀nà òjìji náà yóò sì gba Nàìjíríà kọjá. Èmi yóò ti kọjá ogún ọdún nígbà náà. Àwọn tó bá máa gbé awò sójú ọ̀nà rẹ̀ yóò nílò ẹni tó máa ya fọ́tò, ẹni tó máa ṣírò àti ẹni tó máa ru ẹrù, ìwé tí wọ́n bá sì kọ lọ́jọ́ náà ní àyè fún orúkọ gbogbo wọn.